Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Tí Kò Ní Ilẹ̀ Mọ́

Ìyá mi jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Ìkòròdú, bàbá mi ní tirẹ̀ wá ra ilẹ̀ síbẹ̀ ni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí lẹ́nu tọ̀tún tòsì. Tí a bá wà nílé bàbá mi, olè ni gbogbo ọmọ onílẹ̀, àwọn tó ń ta ohun kan náà fún èèyàn mẹ́ta. Tí a bá lọ kí ìyá àgbà lọ́jọ́ ọdún, àwọn àlejò ló kó ilẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n fún àwọn bàbá wa lówó tí kò tó owó ẹmu, wọ́n wá mọ odi gíga tí ọmọ ìlú ò lè rí inú rẹ̀ mọ́. Èmi jókòó sáàárín, mò ń jẹran lápá méjèèjì.

Ohun tí ojú mi ti rí nìyí o: àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dúró sójú sáìtì, tí wọ́n ń gba owó ìpìlẹ̀, owó fẹ́ǹsì, owó dẹ́kìn àti owó òrùlé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ibi tí wọ́n lè fi ṣe àhéré. Àwọn bàbá bàbá wọn ti tà á tán kí wọ́n tó bí wọn. Owó ipá yẹn ni ogún tó kù fún wọn. Mi ò gbèjà wọn, nítorí mo ti rí bíríkìlà tí wọ́n fi irin lù lọ́wọ́ títí tí kò fi lè di ṣọ́bìrì mú mọ́, ọkùnrin tí kò ra ilẹ̀, tí kò ta ilẹ̀, tó kàn wá wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Olóyè Ẹlẹ́sì ti Odògbólù, ní Ìjẹ̀bú tó múlé gbè wá níbí, ló sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ àwọn òyìnbó tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní 1912 pé ìdílé ńlá kan ló ni ilẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ti kú, díẹ̀ ló wà láyé, àwọn tí a ò tíì bí ò lóǹkà. Gbogbo ẹni tó bá ń kọ̀wé nípa ilẹ̀ Yorùbá ló máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì dùn létí. Ẹ kàn bi ara yín léèrè: lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta ilẹ̀, ta ló ń tẹ̀ka fún àwọn tí a ò tíì bí? Àwọn gan-an ló ti dàgbà tán báyìí, tí wọ́n jókòó sórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ̀pẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni, tí wọ́n ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ ibí o. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ni o. Ẹ rí wa."

Láyé àtijọ́, bí àlejò bá dé tó ní òun fẹ́ dáko, olórí ẹbí á mú un wọgbó, wọ́n á fi pèrègún pààlà fún un. Nígbà ìkórè, á gbé iṣu díẹ̀, bóyá epo, bóyá ìgò ọtí kan, wá sílé onílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Ohun tó wà nínú iṣu yẹn ju iṣu lọ: ó ń sọ lọ́dọọdún pé ẹni tó ń dáko yìí mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá pọ̀, tí kò sí ẹni tó ń ra á, kò sí wàhálà níbẹ̀. Nígbà tí owó bá wọ̀ ọ́ ni iṣu yẹn ń di ìjà. Ẹ wo Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Wọ́n ti jagun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n nígbà tí kòkó di owó, ìṣákọ́lẹ̀ ló tún dá ọgbẹ́ náà sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1940. Wọ́n jà ní 1981. Láti 1997 di 2000, ibi tí wọ́n máa kọ́ oríkò ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí ni wọ́n ní àwọn ń jà lé lórí. Olùkọ́ tó kọ́ mi ní ìṣirò ní Ìkòròdú sá kúrò nínú ìjà yẹn ni. Ó máa ń sọ pé oríkò kọ́, pé láti ìgbà bàbá òun ni wọ́n ti ń bi àwọn pé, "Ilẹ̀ ta lẹ dúró lé?"

Ní Èkó tiwa, ìwé ló kọ́kọ́ da nǹkan rú. Nígbà tí Dòsùmú fọwọ́ síwèé fún òyìnbó ní 1861, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní ìwé ilẹ̀ ní erékùṣù, bí ẹni pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ló ni ín tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún gba ilẹ̀ ní Àpápá, Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa Èkó, bínú wọkọ̀ ojú omi lọ Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, òun àti Herbert Macaulay. Ní 1921, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba níbẹ̀ sọ pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ lábẹ́ àṣà wọn, kí ìjọba san owó gbà-má-bínú tó bá a mu. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó sọ pé ìdílé ló ni ilẹ̀ kò sọ, kò sì lè sọ, àwọn wo ni ìdílé náà láàárọ̀ ọjọ́ tí oníbàárà bá gbé owó dé.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìdílé ìyá mi ní ìdí mẹ́rin, nítorí pé ìyàwó mẹ́rin ni bàbá wọn fẹ́. Tí owó ilẹ̀ bá wọlé, ṣé ìdí-igi ni ká fi pín in, kí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ìdá kan fún àwọn ọmọ rẹ̀, àbí orí-ò-jorí, kí gbogbo ọmọ gba iye kan náà? Àwọn ìdílé ti lu ara wọn ní ìlukúlù lórí ìbéèrè yìí. Ìdílé Dáwódù kan ní Èkó gbé e láti kóòtù dé kóòtù: bàbá ní ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, olórí ẹbí ní orí-ò-jorí lòun máa fi pín in. Ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ní 1962 wọ́n sì ní ìdí-igi ni àṣà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo ohun tí ìdí-igi ń ṣe lẹ́yìn ìran mẹ́ta. Ìdí tí ọmọ kan ṣoṣo wà ń mú iye kan náà pẹ̀lú ìdí tí ọmọ mọ́kànlá wà. Àwọn mọ́kànlá yẹn ti bímọ. Ẹni tó kan náírà díẹ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n tà ní mílíọ̀nù, kí ló máa ṣe? Ó máa lọ wá oníbàárà tirẹ̀. Kíákíá ni ìdí kọ̀ọ̀kan ti ní akọ̀wé tirẹ̀, sítáǹpù tirẹ̀, lọ́yà tirẹ̀. Olórí ẹbí di mẹ́rin.

Òfin sì mọ̀ nípa èyí. Tí àwọn ọmọ bá ta ilẹ̀ ẹbí lẹ́yìn olórí ẹbí, òfin ní kò sí títà níbẹ̀ rárá. Tí olórí ẹbí bá dá a tà láìsọ fún àwọn àgbà ìdí kọ̀ọ̀kan, títà náà á dúró títí di ọjọ́ tí ẹnì kan nínú wọn bá tètè lọ kóòtù láti da á nù. Ìwọ tó ra ilẹ̀, báwo lo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí lóòótọ́ nínú àwọn bàbá mẹ́rin tó dé fìlà?

Rìsíìtì tí wọ́n kọ fún bàbá mi ní 1983 wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí. Fúlúskáàbù ni, wọ́n ti ká a ní mẹ́rin títí tí ojú ìká náà fi fẹ́ já. Wọ́n lẹ sítáǹpù ránpẹ́ mọ́ ọn, wọ́n fọwọ́ kọ sí i lórí. Nísàlẹ̀, ìtẹ̀ka márùn-ún ló wà níbẹ̀ ní aró dúdú, ọ̀kan nínú wọn fẹ̀ gan-an, ó dà bíi pé bàbá náà yí ọwọ́ rẹ̀ nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí wọ́n kọ nípa ààlà ni pé ilẹ̀ náà lọ láti ìdí pèrègún mẹ́ta títí dé ojú ọ̀nà odò, ó bá ilẹ̀ bàbá kan pààlà lápá ọ̀tún. Pèrègún yẹn ti lọ láti ìgbà tí kátápílà àkọ́kọ́ ti kọjá. Ọ̀nà odò ti yí padà. Bàbá tí wọ́n ní ilẹ̀ rẹ̀ wà lápá ọ̀tún ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé sọ̀fè tuntun tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn ò ní aládùúgbò kankan níbẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí ìwé náà jẹ́ òótọ́, kò sì sí èyí tó ṣe é fọwọ́ tọ́ka sí mọ́.

Ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ní òun fẹ́ tún un ṣe. Ní 29 March 1978, wọ́n gbé Òfin Lílo Ilẹ̀ jáde: gómìnà ni yóò di gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú nítorí ará ìlú, ẹ̀tọ́ láti lò ó nìkan ni èèyàn lè ní. Tó bá fẹ́ tà á, kí ó lọ gba àṣẹ gómìnà. Tí ìjọba bá fẹ́ gbà á, ilé àti igi tó wà lórí rẹ̀ ni wọ́n máa sanwó fún, kì í ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. (Mo ti ṣàkíyèsí pé 29 March náà, ní 1865, ni àwọn ọmọ ogun Glover, olórí ìjọba òyìnbó ní Èkó, lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú. Ó jọ pé ọjọ́ yẹn ní nǹkan kan pẹ̀lú wa.) Wọ́n fi òfin náà sábẹ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ó sì le láti yí i padà. Ṣùgbọ́n kò pa ẹ̀tọ́ ìdílé rẹ́, ó kàn gbé ẹ̀tọ́ mìíràn lé e lórí. Láti ọjọ́ yẹn, ilẹ̀ kan ṣoṣo ní ìdílé tó ní ìtàn, ó ní ẹni tó ní rìsíìtì, ó tún ní gómìnà.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ìjọba lè sọ pé òun ti gba agbègbè ńlá kan. Lẹ́yìn náà, á yọ díẹ̀ padà fún abúlé tó wà níbẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní ẹ̀kísíṣọ̀n. Láàárín gbígbà àti yíyọ ni àwọn ejẹ́ǹtì ti ń ta á. "Ẹ̀kísíṣọ̀n ti ń bọ̀ lọ́nà, màmá, ẹ tètè sanwó kó tó wọ́n." Tí o bá lọ sí ọ́fíìsì Súfèyọ̀-Jẹ́nẹ́rà ní Alausa, tí wọ́n bá ẹ ṣe chárting, ìyẹn kí wọ́n fi sọ̀fè rẹ wé àwòrán ilẹ̀ ti ìjọba, o lè wá rí i pé ìjọba ti ya ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pátápátá. Ọ̀pọ̀ kì í lọ títí tí ilé á fi dé lẹ́ńtẹ̀lì.

Owó ilẹ̀ ń gòkè síi ní tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ wà ní Odògùnyàn. Ní 2015, ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT dé láti Mile 12. Afárá Kẹrin tí wọ́n ń sọ, tó tó kìlómítà 38, yóò gba ẹ̀gbẹ́ Ìgbógbo kọjá, ó sì ti sọ igbó tí ẹnì kan ò fẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ fa ìbọn yọ.

Nígbà tí wọ́n bá dé kóòtù, ìtàn ló máa ń ṣáájú. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ nínú ẹjọ́ kan láti Wàrrí ní 1976, Idundun àti Okumagba, pé ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìran, ìwé, ohun tó ti ń ṣe lórí ilẹ̀ náà bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, tàbí kí ó ni ilẹ̀ tó bá a pààlà. Ní Ìkòròdú, kò sí ìdílé tí kò lè kó méjì tàbí mẹ́ta wá nínú márùn-ún. Ìtàn wa fúnra rẹ̀ ní àwọn kan wá láti Ṣàgámù, àwọn kan láti ìhà Bìní, oníkálukú sì ní àwọn ló kọ́kọ́ ṣán igbó. Bàbá kan á dìde, ẹni ọgọ́rin ọdún, á ka bàbá bàbá rẹ̀ dé ìran kẹfà. Bàbá kejì á dìde, á ka tirẹ̀. Adájọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á sún un sí oṣù mẹ́ta.

Ẹ rántí Magodo, tó wà lójú ọ̀nà wa bí a bá ń lọ sí Èkó. Láàárín 1984 sí 1985 ni ìjọba wó ilé àwọn onílé ní Ṣàngíṣà, níbi tí Magodo wà báyìí. Wọ́n pẹjọ́ ní 1988. Ilé-Ẹjọ́ Gíga dá wọn láre ní 1993, ó wá di 2012 kí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó fi èdìdì dì í pé kí wọ́n fún wọn ní pulọ́ọ̀tì 549. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni àwọn ọlọ́pàá dé, tí àwọn kan ń fi ọ̀dà kọ ID/795/88, nọ́ńbà ẹjọ́ náà, sára ògiri àwọn tó ti ń gbé níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n pe ẹjọ́ náà ti pé 33. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn jàre, àwọn tí wọ́n kọ ọ̀dà sí ògiri wọn náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ẹjọ́ ilẹ̀ tí mo mọ̀, èyí ló ń dùn mí jù, nítorí mi ò rí ọ̀daràn níbẹ̀ tí mo lè bínú sí tẹ́rùn.

Ẹjọ́ ìdílé ìyá mi ò lókìkí bẹ́ẹ̀. Bàbá àgbà ló pè é, ìdílé mìíràn ni wọ́n jọ ń du ilẹ̀. Nígbà tó kú, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n fi ti àbúrò rẹ̀ sí i. Nígbà tí àbúrò náà kú, wọ́n fi orúkọ Bọ̀ọ̀dá sí i, èyí tó jẹ́ àkọ́bí nílé ìyá mi. Wọ́n ti ta ilẹ̀ púpọ̀ láti fi san owó lọ́yà tó ń gba ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọ́n ní. Ìdílé méjèèjì ń fẹ́ ara wọn tẹ́lẹ̀, ìyá àgbà mi gan-an wá láti ilé kejì. Nígbà tó kú, kò sẹ́nì kan láti ilé bàbá rẹ̀ tó wá síbi òkú rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ọmọkùnrin ilé wa lọ pàdé àwọn ti ọ̀hún lórí ilẹ̀ tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì wà ní kóòtù kòtẹ́milọ́rùn. Àwọn ọ̀hún ti gbé ajagungbalẹ̀ wá. Àbúrò mi kan, ọmọ àǹtí ìyá mi, fara gbọta. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń kọ́, ó kù díẹ̀ kó gba fíríìdọ̀mù. Wọ́n ti ṣèlérí ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọlọ́pàá kó àwọn méjì lára àwọn tiwa, àwọn yòókù sá lọ Ìjẹ̀bú, odindi àdúgbò ò ní ọ̀dọ́mọkùnrin fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹbí jókòó, wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì láti fi tù ú nínú. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n pa á sí gan-an ni. Kò lè kọ́lé síbẹ̀, kò lè tà á, ẹjọ́ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan kó kátápílà wá lóru, ó hú ẹ̀gẹ́ náà.

Ẹ̀gẹ́ àwọn obìnrin ni kátápílà máa ń kọ́kọ́ bá, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í kà á mọ́ ohun tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ojú oórì. Mo mọ ilé kan tí wọ́n kọ́ sórí ibi tí ìyá ìyá mi ń pè ní ibojì àwọn àgbà; àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò mọ̀, mi ò sì ní sọ fún wọn. Àwọn tó fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀, tí wọ́n kó gbogbo gírátúítì wọn lé ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kú sí, tí wọ́n wá ń háyà yàrá kan ní Agríìkì, ní Ìkòròdú, ní ẹni àádọ́rin ọdún, tí wọ́n ń fi àpò náílọ́ọ̀nù kó ìwé kiri.

Lọ́dún 2016, Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin ààbò ohun ìní. Ẹni tó bá fi ipá gba ilẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Òfin náà ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Inú gbogbo wa dùn. Ẹ wá kà á dé ìsàlẹ̀: ó fi àyè sílẹ̀ fún ìdílé onílẹ̀, lábẹ́ olórí ẹbí tàbí baálẹ̀, láti wá gba owó ìwọlé. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn baálẹ̀ ló ń kó ìbò wá. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sójú sáìtì kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ náà irú owó tí wọ́n ń gbà. Owó ìwọlé ni gbogbo rẹ̀ báyìí. Wọ́n ti ní rìsíìtì tí wọ́n tẹ̀ fún un.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọmọ onílẹ̀ a tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, àjèjì a tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù. Lọ́dọ̀ tiwa, àjèjì ló ń yọ́ rìn.

Nínú ìpàdé ẹbí tó kọjá, mo dá a lábàá pé ká kọ orúkọ gbogbo pulọ́ọ̀tì tí ẹbí ti tà láti ìgbà bàbá àgbà, ẹni tó rà á, àti ẹni tó fọwọ́ sí i, ká fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìdí, ká lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri ilé baálẹ̀. Wọ́n gbà, èmi ni wọ́n sì ní kí n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń lọ sáìtì dúró dè mí níta. Ó ní, "Àǹtí, ẹ fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé gbogbo ẹ̀ ti tán. Tó bá ti tán, kí làwa fẹ́ máa gbà?" Mi ò rí ohun gidi sọ fún un. Mo ní iṣẹ́ wẹ́dà tí àbúrò mi fi sílẹ̀ ṣì wà. Ó wò mí bíi pé mo bú u, ó sì lè jẹ́ pé mo bú u.

Ìdí kejì ti kó rìsíìtì wọn wá. Ìdí kẹta ní lọ́yà àwọn ló kó ìwé náà dání lọ Àbújá. Nínú ti ìdí tiwa, mo rí pulọ́ọ̀tì kan tó ní rìsíìtì méjì, ìtẹ̀ka bàbá àgbà wà lára méjèèjì, ọdún mẹ́rin ló wà láàárín wọn. Mo ti tẹ àwọn méjèèjì sí i. Bọ̀ọ̀dá pè mí lóru, ó ní kí n yọ ọ̀kan. Mi ò yọ ọ́.